Ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ pupa tí a po sìmẹ́ńtì mọ́ ti di ẹrẹ̀ padà: níbo la ti ṣì í ṣe?

Arìnnàkò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀nà kan wà lọ́wọ́ wa, kìlómítà 2, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 5. Kò ní ọ̀dà, yẹ̀pẹ̀ pupa lásán ni, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń gbà á jù. Lọ́dún tó kọjá, bí òjò bá ti ṣú báyìí, àyà wa á ti máa já, torí ọkọ̀ á máa yọ̀ kiri bí ẹni tẹ ọṣẹ. Fóríman wa ní ká po sìmẹ́ńtì mọ́ ọn, 5%. A tú ojú ọ̀nà, a já àpò sìmẹ́ńtì kan sí gbogbo mítà méjì méjì, a fi gírédà rò ó pọ̀, a wọ́n omi sí i, rólà sì tẹ̀ ẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó le koko. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀, ó di ẹrẹ̀. Etí ọ̀nà ló kọ́kọ́ lọ, kí kòtò tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu láàárín.

Àwọn kan ní ká gbé e lọ sí 8%. Àwọn kan ní láìmù (ẹfun jíjó) ni ká lò. Owó tó kù nílẹ̀ kò lè gba àṣìṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Gírédà_Àgbà

Gọ́tà ńkọ́? Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, ẹ ò dárúkọ gọ́tà lẹ́ẹ̀kan.

Arìnnàkò

Ó wà lápá òsì, àmọ́ kò jìn. Apá ọ̀tún kò ní. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju ọ̀nà lọ.

Gírédà_Àgbà

Ilẹ̀ ga ju ọ̀nà lọ, kò sí gọ́tà, ẹ tún wá ń béèrè ohun tó ba ọ̀nà jẹ́. Omi tó ń ti orí ilẹ̀ yẹn bọ̀ ń wọ abẹ́ ọ̀nà yín láti ẹ̀gbẹ́, á sì jókòó síbẹ̀. Ẹ lè da gbogbo sìmẹ́ńtì ayé sí i.

Ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà gbọ́dọ̀ yọ sókè láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá. Láti àárín lọ sí etí, kí mítà kọ̀ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 6 sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà mítà 5 tiyín yìí, àárín rẹ̀ yẹ kó ga ju etí lọ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Kí ìsàlẹ̀ gọ́tà sì wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 sí àárín ọ̀nà, ó kéré tán. Ẹ wọn tiyín lọ́la kẹ́ ẹ wá sọ fún wa.

Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n Gírédà sọ, àmọ́ omi nìkan kọ́ ló dá ọ̀ràn yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò sìmẹ́ńtì yín.

Àpò kan jẹ́ 50 kg. Ẹ já a sí mítà 2 ní gígùn, ọ̀nà fẹ̀ ní mítà 5. Mítà onígun mẹ́rin 10 nìyẹn, a jẹ́ pé 5 kg ló bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dáa. Yẹ̀pẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá tú u jìn ní 150 mm, tí mítà kúbìkì kan yẹ̀pẹ̀ tí rólà ti tẹ̀ wọn bíi 1,880 kg, 282 kg yẹ̀pẹ̀ ló wà lábẹ́ mítà onígun mẹ́rin kan. 5 kg nínú 282 kg kò tó 2%.

Ẹni tó bá fẹ́ 5% lóòótọ́ á da nǹkan bíi 14 kg sórí mítà onígun mẹ́rin kan. Lórí ọ̀nà yín, àpò kan á tán kí ẹ tó rìn ju sẹ̀ǹtímítà 71 lọ. Fóríman yín dárúkọ 5%, kò ka àpò.

Ohun mẹ́ta ni mo tún fẹ́ mọ̀. Wákàtí mélòó ló wà láàárín ìgbà tí omi kan sìmẹ́ńtì àti ìgbà tí rólà tẹ̀ ẹ́ tán? Kí lẹ fi bò ó lẹ́yìn náà? Tẹ́ ẹ bá fọ́ ògúlùtu kan lára ibi tó bàjẹ́ yẹn, báwo ni inú rẹ̀ ṣe rí?

Arìnnàkò

Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yìí dùn mí dé egungun. Àpò tá a rà, mo rò pé ó ti pọ̀ jù!

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi. Rólà tó ní aago mẹ́sàn-án lòun máa dé, aago kan ọ̀sán la rí i. A ò fi nǹkan kan bò ó, oòrùn ló gbẹ ẹ́. Nípa ògúlùtu, mo lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní, mo fi ọwọ́ fọ́ ọ̀kan tó tó ìkúùkù. Ara rẹ̀ ní èèpo eérú kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Inú rẹ̀ pupa fòò. Ó tilẹ̀ ṣì tutù.

Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀

Inú pupa yẹn ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín. Sìmẹ́ńtì ò wọ inú ẹ̀, ara ògúlùtu ló wé mọ́. Ìyẹn fi hàn pé amọ̀ pọ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ yín, gírédà kò sì lè fọ́ amọ̀ dé ibi tí sìmẹ́ńtì á fi rí ààyè wọlé. Nígbà tí omi dé, èèpo yẹn là, amọ̀ inú ẹ̀ mu omi, ó yọ́.

Wákàtí márùn-ún kí rólà tó dé, ìyẹn náà ti pa á. Sìmẹ́ńtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tómi bá ti kàn án, wákàtí 2 ni ká fi parí gbogbo rẹ̀, pípò àti títẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti ń dì láàárín ara rẹ̀, rólà tó bá wá gùn ún kàn ń fọ́ ohun tó ti dì ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó wà ní tútù fún ọjọ́ 7, yálà kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bò ó, tàbí kẹ́ ẹ wọ́n ọ̀dà olómi sójú rẹ̀.

Mi ò ní sọ pé 8% o. Tí sìmẹ́ńtì bá pọ̀ jù, ọ̀nà á le, á sún kì, á sì sán láti ìbú dé ìbú. Ojú sísán yẹn lomi á gbà wọlé.

Ìyá Láàbù

Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ ti ń kọ oògùn, ẹ ò tíì yẹ aláìsàn wò. Ẹ gbé yẹ̀pẹ̀ yẹn wá sí láàbù.

Àbúrò mi Arìnnàkò, kí o tó gbé e lọ, ṣe èyí fún mi. Wá omi phenolphthalein díẹ̀, àwọn tó ń ta nǹkan ẹ̀kọ́ kẹ́místírì máa ń ní in. Fọ́ ògúlùtu mìíràn, kán an sí ojú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kì í ṣe ojú tó ti pẹ́. Níbi tí sìmẹ́ńtì tàbí láìmù bá ṣì ti ń ṣiṣẹ́, á pọ́n bí àwọ̀ pínkì. Níbi tí kò sí, omi lásán lo máa rí.

Bó o bá wá ń gbé yẹ̀pẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ààrò gbẹ ẹ́. Oòrùn tàbí atẹ́gùn ni. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ìpẹtà irin tó wà nínú yẹ̀pẹ̀ pupa máa ń di àwọn ẹyọ amọ̀ pọ̀, á sọ wọ́n di hóró kéékèèké. Bó o bá ti kó o sínú ààrò tó gbóná dé 105°C, omi tó wà láàárín àwọn hóró yẹn á lọ, kò sì ní padà mọ́. Amọ̀ á wá máa ṣe bíi yanrìn. Ìwé àbájáde á sọ fún ọ pé yẹ̀pẹ̀ rẹ dára, ọ̀nà á sì sọ nǹkan mìíràn.

Òdì kejì rẹ̀ náà wà. Tí ọmọ iṣẹ́ bá ń po ó lórí gíláàsì láìdáwọ́ dúró, àwọn hóró yẹn á fọ́, ìwọ̀n amọ̀ á ga ju bó ṣe rí lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi lo yẹ̀pẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí a bá ń fi òòlù gún un láti mọ ìwọ̀n omi tó tọ́. Òòlù 4.5 kg tó ń já bọ́ láti 450 mm, lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, ìpele márùn-ún: yangí wo ni kò ní fọ́? Yẹ̀pẹ̀ tuntun ni kí wọ́n máa bù fún ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́300

Ẹ dákun ẹ má bínú, mò ń kọ́ṣẹ́ ni. Kí nìdí tí láìmù fi yàtọ̀ sí sìmẹ́ńtì? Ṣé gbogbo wọn kọ́ ni àtíkè tó ń dì?

Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀

Ìbéèrè gidi ni, àbúrò. Sìmẹ́ńtì ní ohun tó fi ń dì nínú ara rẹ̀. Ẹ bu omi sí i, á dì, yálà yanrìn ló bá tàbí òkúta. Ohun tó kàn ń fẹ́ ni kó ríbi dì mọ́. Nítorí náà, inú yẹ̀pẹ̀ tó ní yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló ti ń ṣe dáadáa, níbi tí amọ̀ ò ti pọ̀.

Láìmù, tí wọ́n ń jó òkúta ẹfun láti ṣe, amọ̀ gan-an ló ń wá. Ẹyọ amọ̀ pẹlẹbẹ bí ewé, omi ló wà láàárín ewé sí ewé, ìyẹn ló ń mú kó máa fà, kó máa yọ̀. Kálísíọ̀mù inú láìmù á gba ipò àwọn ohun tó lẹ̀ mọ́ ara ewé wọ̀nyẹn, ewé á sún mọ́ra, á di hóró. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan, amọ̀ tó ń fà bí oje rọ́bà á di ohun tó ń rún lọ́wọ́. Ẹ máa fojú rí i. Iṣẹ́ kejì ló pẹ́: tí láìmù bá tó, ara yẹ̀pẹ̀ á gbóró débi pé sílíkà àti àlùmínà inú amọ̀ á yọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á bá láìmù dì. Ìyẹn á gba ọ̀sẹ̀ títí dé oṣù, ooru sì máa ń mú un yára, èyí tó dára fún ilẹ̀ olóoru.

Báwo la ṣe ń mọ ìwọ̀n tó tó? Ẹ po yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú omi àti láìmù ní 2%, 3%, 4%, 5%, ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ dúró fún wákàtí kan, ẹ wọn pH (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tàbí ṣe gbóró tó). Èyí tó kéré jù tó dé 12.4 ni ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Eades àti Grim ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1966, a ṣì ń lò ó.

Ìkìlọ̀ kan. Láìmù tí kò tíì rí omi máa ń hó gbùgbù tó bá rí i, ó lè fọ́ ojú. Èyí tí wọ́n ti fi omi pa ni kẹ́ ẹ lò tẹ́ ò bá ní ìbọ̀wọ́ àti ìbojú. Kẹ́ ẹ sì bò ó dáadáa, torí atẹ́gùn tí à ń mí jáde á sọ ọ́ di ẹfun padà, ẹfun kì í sì di nǹkan mú.

Akẹ́kọ̀ọ́300

Ẹ ṣé gan-an. Mo kà níbì kan pé eérú èèpo ìrẹsì náà ń ṣe é. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Láàbù

Òótọ́ tó ní "àmọ́" lẹ́yìn. Sílíkà ló pọ̀ jù nínú eérú yẹn, àmọ́ kò lè dá dì, láìmù tàbí sìmẹ́ńtì ló ń bá ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá sì jó o kọjá bó ṣe yẹ, bíi 700°C lọ sókè, sílíkà inú rẹ̀ á di kírísítálì, á sì máa wò ọ́ lójú láìṣe nǹkan. Ó tún ń mu omi púpọ̀. Mo ti ṣe é, ó dáa fún dídín sìmẹ́ńtì kù, kì í ṣe fún rírọ́pò rẹ̀.

Àròjinlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí à ń pè ní yangí yìí gan-an làwọn òyìnbó sọ ní laterite? Francis Buchanan ló rí i ní Íńdíà, ó sì kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní 1807. Ó rí i táwọn èèyàn ń fi irin gé e nínú ilẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀, tí wọ́n á gbé e sójú oòrùn, tó sì ń le bíi bíríkì. Bíríkì ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí ní èdè Látìn. Ó wà nínú ògiri àti ìpìlẹ̀ àwọn tẹ́ńpìlì Angkor ní Cambodia, wọ́n ṣì dúró títí dòní.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún òjò ló ṣe yẹ̀pẹ̀ yìí. Òjò ti fọ sílíkà lọ, ó fi irin àti àlùmínà sílẹ̀. Nítorí náà "yẹ̀pẹ̀ pupa" kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Láti inú kòtò kan náà, ẹ lè rí yangí olókúta lókè, amọ̀ oníbátabàta nísàlẹ̀.

Gírédà_Àgbà

Ìyẹn gan-an lèmi fi ń bá àwọn awakọ̀ típà jà. Wọ́n á wa èyí tó wà lókè fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta wọ́n á ti wọ inú amọ̀, gbogbo rẹ̀ pupa, wọ́n á ní "ṣebí ọ̀kan náà ni."

Oògùn-Ọ̀nà

Gbogbo wàhálà yìí kò pọn dandan o. Oògùn olómi kan wà lọ́wọ́ wa, lítà kan pẹ̀lú omi ń tọ́jú ọ̀nà tó gùn gan-an. Kò sí sìmẹ́ńtì, kò sí láìmù, òjò kì í ràn án. Ẹni tó bá fẹ́ kó kàn sí mi.

Ìyá Láàbù

Ẹ kú ọjà. Ẹ mú yẹ̀pẹ̀ Arìnnàkò, ẹ fi oògùn yín sí ìdajì, ẹ má fi sí ìdajì. Ẹ gún méjèèjì lọ́nà kan náà, ẹ rì wọ́n sínú omi fún ọjọ́ 4, kẹ́ ẹ wá fi CBR wọn (òṣùwọ̀n bí yẹ̀pẹ̀ ṣe lágbára láti gbé ẹrù tó) hàn wá. Àwọn kan nínú oògùn olómi wọ̀nyí ń ṣe díẹ̀ lára amọ̀ kan, wọn ò ṣe nǹkan kan lára òmíràn. Ìwé tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ ibòmíràn ṣe kò kàn wá.

Oògùn-Ọ̀nà

A máa gbé e yẹ̀ wò, mà.

Gírédà_Àgbà

😂 Wọ́n ti lọ.

Arìnnàkò · lẹ́yìn ọjọ́ 16

Mo ti dé. Mo kọ́kọ́ ṣe ti phenolphthalein. Ìyá, bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́ ni! Òrùka pínkì tẹ́ẹ́rẹ́ yí ògúlùtu ká, àárín rẹ̀ kò yí àwọ̀ padà rárá.

Láàbù àkọ́kọ́ fi ààrò gbẹ yẹ̀pẹ̀ kí n tó débẹ̀: LL (ìwọ̀n omi tó ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ tó ń ṣàn) 46, PI (bí ó ṣe ń fà tó) 24. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi atẹ́gùn gbẹ òmíràn: LL 51, PI 28. Èyí tó gba inú ajọ̀ 0.425 mm kọjá jẹ́ 52%, ti 0.075 mm jẹ́ 38%. Wọ́n rọ ọ́ tútù sínú ọpọ́n irin tó gùn ní 150 mm, nígbà tó gbẹ 132 mm ló kù, ìyẹn ni pé ó sún kì ní 12%. CBR rẹ̀ láì rì í sínú omi jẹ́ 48. Lẹ́yìn ọjọ́ 4 nínú omi, 9.

Mo dúró wo ti CBR yẹn. Irin róbótó tó fẹ̀ tó 50 mm ló ń wọ inú yẹ̀pẹ̀ wẹ́rẹ́, 1.27 mm ní ìṣẹ́jú kan. Lórí èyí tó gbẹ, ọwọ́ aago ẹ̀rọ yẹn ń gùn sókè. Lórí èyí tó ti mu omi, ó kàn ń wọlé bí ìka tó ń wọ inú amọ̀ tútù. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi mọ́.

Wọ́n tún ṣe ti pH: 4% láìmù ló kọ́kọ́ dé 12.4.

Ohun kan tún wà. A rí yangí olókúta níbi kan tí kò jìn. Èyí tó gba 0.425 mm kọjá nínú rẹ̀ jẹ́ 24% péré, ìsúnkì rẹ̀ jẹ́ 4%. Ṣé ká kàn dà á lé e lórí?

Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀

Láti 48 bọ́ sí 9. Ọ̀nà yín nìyẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀dà bo ọ̀nà, ìpele tó wà lábẹ́ ọ̀dà gan-an, 80 là ń wá lẹ́yìn ọjọ́ 4 nínú omi, èyí tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn, 30.

Àmọ́ ẹ ò ní ọ̀dà. Ibí yìí lèmi àti ẹ̀gbọ́n Gírédà ti máa ń ja ìjà kan láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ gbà fún wọn. Ohun tí ọ̀nà ọlọ́dà ń fẹ́ kọ́ ni ọ̀nà tí kò lọ́dà ń fẹ́. Lábẹ́ ọ̀dà, bí amọ̀ bá ṣe kéré tó ló dára tó. Lójú ọ̀nà gbalasa, ẹ nílò amọ̀ díẹ̀ tó máa di òkúta wẹ́wẹ́ mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà á máa ta wọ́n kúrò, ojú ọ̀nà á wá rí kọ́lọkọ̀lọ bíi páànù òrùlé.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ní South Africa ní ọ̀nà ìṣirò kan tí mo fẹ́ràn. Ẹ mú ìsúnkì, ẹ fi ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú ìdá tó gba 0.425 mm kọjá. Kí ó wà láàárín 100 sí 365. Lókè 365, ọ̀nà á máa yọ̀ lójò. Nísàlẹ̀ 100, á máa fọ́n ká.

Tiyín: 12 × 52 = 624. Ẹ rí i? Yíyọ̀ yẹn ti wà nínú ìwé kí òjò tó rọ̀. Yangí: 4 × 24 = 96, kò di ara rẹ̀ mú tó. Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi gbọ́dọ̀ dà á lé e lórí lásán. Ẹ pò wọ́n. Yẹ̀pẹ̀ yín ìdá 40, yangí ìdá 60: 0.4 × 624 jẹ́ 249.6, 0.6 × 96 jẹ́ 57.6, àpapọ̀ rẹ̀ 307. Ó wọlé. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìdajì-ìdajì, 360, ẹ ti dúró sétí bèbè.

Gírédà_Àgbà

Ọdún méjìlélógún, bàtà mi lèmi fi ń wọn gbogbo èyí. Tó bá lẹ̀ mọ́ bàtà, amọ̀ ti pọ̀ jù, tó bá ń dún ṣàràṣàrà lábẹ́ rẹ̀, kò tó. Àmọ́ mo dúpẹ́ pé ẹ̀rọ ìṣirò gbà pẹ̀lú bàtà.

Tẹ́ ẹ bá ń pò ó, ẹ má fi ojú wọn omi. Ẹ bu ú, ẹ fún un nínú ìkúùkù. Tó bá dì mọ́ra, tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ tó dá sí méjì geere, tí ọwọ́ yín ò sì tutù, ẹ pe rólà. Àwọn baba wa ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lórí ọ̀nà o, ilẹ̀ tútù yẹn ni èpè.

Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀

Kẹ́ ẹ má dá ara yín lójú jù, ẹ gé 150 mítà, ẹ dán mẹ́ta wò: 50 mítà pẹ̀lú láìmù 4%, 50 mítà àpòpọ̀ yangí, 50 mítà kẹ́ ẹ kàn tún ojú rẹ̀ ṣe kẹ́ ẹ sì la gọ́tà. Gọ́tà wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Ti láìmù, ẹ po ó pẹ̀lú omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, ẹ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí amọ̀ lè rún. Ẹ wá tún un tú, ẹ pò ó lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ gidi. Láìmù máa ń fún èèyàn láyè ju sìmẹ́ńtì lọ.

Arìnnàkò · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ.

Gọ́tà nìkan: omi ti lọ kúrò lójú ọ̀nà kí wákàtí méjì tó pé, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì ló ń lò tẹ́lẹ̀. Kò sí kòtò. Àmọ́ òkè rẹ̀ ṣì ń yọ̀, ẹrẹ̀ tó nípọn tó ìka kan.

Àpòpọ̀ yangí: ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá nínú òjò láì dẹwọ́. CBR rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 4 nínú omi jẹ́ 38. Eruku wà díẹ̀ tí oòrùn bá ràn.

Láìmù: òun ló yà mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì tá a tú u, yẹ̀pẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì ń já bọ́ fúnra rẹ̀. CBR nínú omi dé 62. Àmọ́ ojú rẹ̀ ń bó. Níbi tí táyà ń gbà, ó ti ń ṣí ní wẹ́wẹ́, eruku rẹ̀ sì pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìyá Láàbù

Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ìpele tó ní láìmù tàbí sìmẹ́ńtì kì í fẹ́ kí táyà kàn án lára. Ó lè gbé ẹrù, kò lè fara da ìfararora. Atẹ́gùn náà sì ń jẹ ẹ́ láti òkè. Àtilẹ̀wá ló ti yẹ kó wà lábẹ́ nǹkan kan.

Tẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má tú u o, ẹ máa ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ tẹ́ àpòpọ̀ yangí yẹn lé e ní 100 mm. Lọ́jọ́ tí owó ọ̀dà bá dé, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣetán. Ìyókù ọ̀nà, ẹ lo 40/60, láìmù ò pọn dandan níbẹ̀.

Arìnnàkò

A ti bò ó láàárọ̀ yìí. Típà ń já yangí sórí ìyókù báyìí, mo sì ti fi ọmọ kan sídìí kòtò tó ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n má bàa wọ inú amọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: gọ́tà ọ̀tún tuntun yìí, ibo ni kó tú sí? Oko ẹnìkan ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Gírédà_Àgbà

Ẹ má gbé omi yín wọ oko olóko. Ẹ la á kọjá lábẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú páìpù lọ sí apá òsì, kẹ́ ẹ to òkúta sí ẹnu rẹ̀ kí omi má baà gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bo páìpù, mo fẹ́ wo bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó.